Ẹ Ka Èémí Kí Ẹ Tó Ka Owó

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ní Mowe, nígbà tí àwọn tó ti Èkó dé bá ń bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí kórópe tó ń lọ Ọ̀fàdà sì ń ké sí èrò, ilé kẹ́míìsì ló máa ń kù tí iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, torí irú rẹ̀ pọ̀ láti Ibafo dé Ifọ. Ó pọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án wọlé. Ọmọ náà ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ara rẹ̀ ń gbóná, ọmú tó sì ń fà tẹ́lẹ̀ bí ẹni ń jà, díẹ̀díẹ̀ ló ń fà á báyìí. Oògùn ikọ́ ni ìyá náà wá rà. Nígbà tí ọlọ́jà oògùn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní dókítà, dábàá pé kó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, ìbéèrè kan péré ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló ni wọ́n máa gbà fún tẹ́ẹ̀sì?"

Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kọ́. Ní Nàìjíríà, èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí a ń ná lórí ìlera, àpò ara wa ló ti ń jáde. Ẹni tó ti rí i rí tí wọ́n kọ tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin lé aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan aláìsàn, ó di dandan kó ṣírò àpò rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé àyẹ̀wò ló máa sọ bóyá àìsàn náà le. Bí kò bá sì sí owó àyẹ̀wò, kí ló fẹ́ lọ wí níbẹ̀?

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ pọ̀. Ìbéèrè méjì ló wà nínú àìsàn èémí. Èkíní ni pé, báwo ló ṣe le tó? Èkejì ni pé, kòkòrò wo ló fà á? Láàbù ló sábà máa ń dáhùn èkejì. Èkíní kò nílò láàbù rárá: ojú, etí, ọwọ́ àti aago ló ń dáhùn rẹ̀. Èkíní yìí náà ló sì ń pinnu bóyá aláìsàn á sun ilé tàbí wọn á gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ikọ́ fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan. Ní Ọ̀fàdà, níbi tí wọ́n ti ń fi iná igi bọ ìrẹsì kí wọ́n tó sá a, tí wọ́n sì ń fẹ́ ìyàngbò dànù, èéfín àti eruku máa ń mú kí ọmọdé àti àgbà wúkọ́. Nígbà ọyẹ́, ta ni kì í wúkọ́? Ọ̀fìnkìn lásán ní ikọ́, ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ikọ́, òtútù àyà ní ikọ́. Ohun tó ya òtútù àyà sọ́tọ̀ ni bí èémí ṣe ń wọlé tó ń jáde.

Láti àwọn ọdún 1990 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ti ṣètò ìlànà kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kò ní láàbù nítòsí, tí wọn kò sì ní ẹ̀rọ X-ray. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni kí a ka èémí ọmọ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ó dà bí ohun tó rọrùn jù, síbẹ̀ ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Ọmọ gbọ́dọ̀ parọ́rọ́. Bó bá ń sunkún tàbí tó ń jà, iye tí a bá kà kò wúlò. Ìyá á gbé e sórí itan, á ká aṣọ rẹ̀ sókè kí àyà àti ikùn lè hàn. Bó bá ń sùn, kí wọ́n má jí i. Ẹni tó fẹ́ kà á á ṣí aago inú fóònù rẹ̀ sí 60 ìṣẹ́jú-àáyá, á sì tẹjú mọ́ ikùn ọmọ. Gbogbo ìgbà tí ikùn bá wú tó sì padà wálẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Kò dára kí wọ́n kà á fún ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú kí wọ́n wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, torí èémí ọmọdé kì í lọ déédéé. Á sáré díẹ̀, á dúró díẹ̀, á tún sáré.

Iye tó ń dẹ́rù bani yàtọ̀ sí ọjọ́ orí. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 60 sókè ti pọ̀ jù, ọsibítù ni tirẹ̀ tààrà bí wọ́n bá tún un kà tí kò yí padà. Láti oṣù méjì títí di ọdún kan, 50 sókè. Láti ọdún kan títí di ọdún márùn-ún, 40 sókè.

Kí ló dé tí èémí fi ń yára? Inú ẹ̀dọ̀fóró kún fún àwọn àpò kéékèèké níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí òtútù àyà bá dé, omi àti ọyún á kún inú àwọn kan nínú wọn, ẹ̀dọ̀fóró á le, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan kò ní í tó mọ́. Ara á wá fi iye dí ohun tó dín kù nínú ìwọ̀n: èémí á di kúkúrú, á sì pọ̀. Orúkọ tí a fún àìsàn yìí ń tan àwọn òbí jẹ. Torí pé a ń pè é ní òtútù, wọ́n á wọ súẹ́tà méjì fún ọmọ nínú oòrùn Ògùn, wọ́n á fi àkísà wé e lórí, wọ́n á fi rọ́ọ̀bù pa á láyà. Kòkòrò ló ń fà á, kì í ṣe atẹ́gùn. Aṣọ tí wọ́n dì mọ́ ọmọ náà ló sì ń bo àyà tó yẹ kí wọ́n máa wò.

UNICEF sọ pé ní 2018 nìkan, nǹkan bí 162,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni òtútù àyà pa ní Nàìjíríà. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà.

Lẹ́yìn kíkà ni wíwò. Bí ọmọ bá ń mí sínú, ó yẹ kí àyà rẹ̀ gbòòrò. Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ egungun ìhà rẹ̀ ń wọ inú lọ nígbà tó ń mí sínú, iṣẹ́ ti wọ èémí rẹ̀ lọ́rùn. Ihò imú tó ń fẹ̀, ìkérora ní gbogbo ìgbà tó bá mí síta, orí tó ń mì pẹ̀lú èémí, gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà. Àwọn àmì kan sì wà tí kò gba àròyé: ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi rárá, èyí tó ń bì gbogbo ohun tó bá wọnú rẹ̀, èyí tí gìrì mú, èyí tó ń sùn ṣáá tí a kò lè jí, èyí tí ọ̀fun rẹ̀ ń dún kíkankíkan bó bá ń mí sínú nígbà tí kò sunkún. Ẹni tó bá rí ọ̀kan péré nínú wọn kò gbọ́dọ̀ dúró béèrè iye tẹ́ẹ̀sì. Ọkọ̀ ló kàn.

Àṣà kan wà tó yẹ ká dárúkọ níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ṣì máa ń rọ ọmọ: wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ se ẹnu rẹ̀ bí ìsun, wọ́n á da àgbo sí i kó lè gbé e mì tipátipá. Ọmọ tí èémí rẹ̀ ń yára kò ráyè gbé nǹkan mì, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ nígbà gbogbo. Ohun tí wọ́n bá dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bákan náà ni àdín tàbí epo tí àwọn mìíràn ń kán sí ihò imú. Ẹ̀dọ̀fóró kò lè da epo.

Ti àgbà ńkọ́? Ní 2003, àwọn dókítà kan ní Gẹ̀ẹ́sì, New Zealand àti Netherlands kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn òtútù àyà tó lé ní 1,000 jọ, wọ́n wá àwọn àmì tó ń fi hàn ṣáájú pé ikú ń bọ̀. Ohun márùn-ún ni wọ́n rí. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló gba kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ìyẹn kúrò, mẹ́rin ló kù, ìlànà náà sì ń jẹ́ CRB-65. Ṣé ọ̀rọ̀ aláìsàn ti ń dàrú, tí kò mọ ọjọ́, tí kò mọ ibi tó wà? Ṣé èémí rẹ̀ tó 30 ní ìṣẹ́jú kan? Ṣé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀, tí nọ́ńbà òkè kò tó 90, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ kò ju 60 lọ? Ṣé ó ti pé ọmọ ọdún 65? Àmì kọ̀ọ̀kan gba máàkì kan. Ẹni tí kò ní máàkì kankan lè gba ìtọ́jú nílé lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ní ọ̀kan tàbí méjì, ó yẹ kí dókítà ronú lórí fífi í ránṣẹ́ sí ọsibítù. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò gbọ́dọ̀ sun ilé.

Ẹ̀rọ ìwọnfúnpá ni ohun tó wọ́n jù nínú gbogbo ìyẹn, ó sì wà ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ó wà ní ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì, ó tún wà nílé àwọn bàbá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àmì mìíràn wà tí ẹ̀rọ kankan kò sọ. Ẹni tó ń já gbólóhùn kan sí mẹ́ta kó tó parí rẹ̀, èémí ti ń tán nínú rẹ̀. Fún aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n má wo ojú láti mọ̀ bóyá ara ti ń di aró. Ahọ́n ni kí wọ́n wò, àti inú ètè, àti abẹ́ èékánná.

Àgbàlagbà tó ti lé ní 70 ọdún lè má gbóná rárá. Ohun tí àwọn ará ilé á kọ́kọ́ rí ni pé bàbá kọ oúnjẹ láti àná, tàbí pé màmá ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Wọ́n á ní ogbó ni. Kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n kó ka èémí wọn fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn mẹ́ta kan sì wà tí kò yẹ kí wọ́n dúró de máàkì: aboyún, ẹni tí àìlera mìíràn ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ọmọ tàbí àgbà tó jẹ́ SS. Bí àyà bá ń dun ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yìí, tí ara rẹ̀ gbóná tó sì ń wúkọ́, àìsàn náà lè kọjá òtútù àyà lásán. Láàárín wákàtí díẹ̀ ló lè burú.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó wà láàárín ohun ọ̀fẹ́ àti ohun olówó: èyí tí wọ́n ń kì bọ ìka, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀. Takuo Aoyagi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan, ló ronú kan ìlànà rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Oṣù Igbe 2020 ló kú, lásìkò tí gbogbo ayé ń wá ẹ̀rọ náà kiri. Ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń ní 95 sókè. Ẹni tí kò tó 90 nílò ọ́síjìn. Àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn àti Melbourne ṣe ìwádìí ní ọsibítù 12 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, díẹ̀ ló ń rí ọ́síjìn gbà nínú àwọn ọmọ tó nílò rẹ̀. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í yẹ gbogbo ọmọ tó bá wọlé wò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń rí i gbà. Ojú nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá máa ń fo ọmọ kan dá.

Àmọ́ ẹ̀rọ náà ní àléébù tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2020, àwọn dókítà ní Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó máa ń bu kún nọ́ńbà aláwọ̀ dúdú. Láàárín àwọn tí ẹ̀rọ sọ pé nọ́ńbà wọn dára díẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọ́síjìn wọn lọ sílẹ̀ ní tòótọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta àwọn aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá sọ pé 93 tí èémí aláìsàn sì ń sáré, èémí ni kí wọ́n gbà gbọ́. Làálì àti ọ̀dà èékánná náà máa ń dí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàwó tuntun tí ìka rẹ̀ ṣì dúdú fún làálì, wọ́n lè ki ẹ̀rọ náà bọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè náà jẹ́ àyẹ̀wò, àpẹẹrẹ rẹ̀ tó lókìkí jù ní Nàìjíríà sì ṣẹlẹ̀ ní Ewékorò, tó bá Ifọ pààlà. Ní ìparí oṣù Èrèlé 2020, ará Ítálì kan tó wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Lafarge níbẹ̀ lọ sí kíníìkì ilé iṣẹ́ náà. Ara rẹ̀ gbóná, ara sì ń ro ó. Ní Ògùn, ẹni tó bá ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ibà ni gbogbo ènìyàn á kọ́kọ́ pè é. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ibi tó ti ń bọ̀: Milan, níbi tí àrùn kòrónà ti ń jà. Àwọn oníṣègùn fura, wọ́n yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ọsibítù àrùn àkóràn ní Yaba, ní Èkó. Ọjọ́ 27 oṣù náà ni láàbù LUTH, ọsibítù yunifásítì Èkó, jẹ́rìí sí ohun tí ìfura ti sọ. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí tó ní COVID-19 ní Nàìjíríà nìyẹn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ ti ka àbùdá kòkòrò náà tán. Gbogbo ẹ̀rọ ńlá wọ̀nyẹn kì bá tí gbọ́ orúkọ Ewékorò bí kò bá sí ìbéèrè ṣáájú: níbo lẹ ti ń bọ̀?

Ní 1918 kò sí láàbù tó lè dáhùn rárá. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé àrùn lùkúlùkú, ìyẹn influenza, wọ Èkó ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún náà, ọkọ̀ ojú irin tó gba Ifọ kọjá sì gbé e lọ sókè. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ tó rí kòkòrò rẹ̀ lára ènìyàn. Ojú àti etí ni àwọn dókítà ìgbà náà fi ṣiṣẹ́.

Àrùn kòrónà náà ló fi hàn bí owó àyẹ̀wò ṣe lè bí ìjà. Ní oṣù Ògún 2020, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá fẹ́ padà síléèwé fún ìdánwò, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ní kí àwọn ọmọ iléèwé aládàáni tó ń gbé inú ọgbà san 25,000 náírà fún àyẹ̀wò. Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè nígbà náà jẹ́ 30,000. Àwọn òbí fárígá, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn ní gbangba, kò sì pẹ́ tí ìjọba fi fagi lé owó náà. Síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ní àmì àìsàn kì í san kọ́bọ̀ ní àwọn láàbù ìjọba. Ṣùgbọ́n 25,000 yẹn, àti nǹkan bí 50,000 tí àwọn arìnrìn-àjò ń san fún láàbù aládàáni, ni òkìkí wọn kàn. Bí owó bá ti gba ìlú kan bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ tó lé e bá.

Àyẹ̀wò wo ló wá yẹ kí ènìyàn náwó sí? Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn dókítà fúnra wọn ń lò: bí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣé ìtọ́jú máa yí padà? Bí kò bá ní í yí, àyẹ̀wò náà lè dúró. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé kò béèrè X-ray kí ọmọ tó ní òtútù àyà tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí láàbù ti pọ̀ bí ilé ìtajà, ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀dọ̀fóró àti ti àwọn onímọ̀ àrùn àkóràn gbé jáde ní 2019 kò ní kí wọ́n máa fi ẹ̀jẹ̀ tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá kòkòrò fún àgbà tí òtútù àyà rẹ̀ kò le tó kí wọ́n dá a dúró. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n fún ní oògùn láìkọ tẹ́ẹ̀sì fún, kí ó má rò pé torí àìlówó rẹ̀ ni.

Tẹ́ẹ̀sì ibà, èyí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe tí èsì rẹ̀ ń jáde kí wákàtí kan tó pé, wúlò púpọ̀. Ibà tó ti jẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tán lè mú kí òun náà máa mí hẹlẹhẹlẹ, ọmọ kan sì lè ní ibà àti òtútù àyà pa pọ̀. Àmọ́ tẹ́ẹ̀sì Widal tí wọ́n ń fi wá táífọ́ọ̀dù, tó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ sanwó fún, kò dáhùn ìbéèrè tó wà nílẹ̀. Àmì ogun tí ara ti bá kòkòrò jà sẹ́yìn ló ń wá, irú àmì bẹ́ẹ̀ sì wà lára ọ̀pọ̀ nínú wa tí kò sí táífọ́ọ̀dù lára wa lónìí. Ẹni tó ń wúkọ́ tí èémí rẹ̀ ń yára, tó wá lọ ṣe Widal, ti fi owó ọkọ̀ ọsibítù ra ìwé.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ibi tí àyẹ̀wò ti pọn dandan, ibẹ̀ náà ló sì ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Ikọ́ tó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì, òógùn tó ń rin aṣọ lóru, ara tó ń rù, ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀: ẹni tó bá rí wọn kò gbọ́dọ̀ máa ti orí ìgò oògùn ikọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọn kì í gba owó fún yíyẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, wọn kì í sì gba owó fún oògùn, tí ìlò rẹ̀ sábà máa ń gba oṣù mẹ́fà. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n ń lò lè sọ èsì láàárín nǹkan bí wákàtí méjì, á tún sọ bóyá oògùn tó lágbára jù nínú àwọn oògùn náà ṣì ń ran kòkòrò tó wà lára ẹni yẹn. Nọ́ńbà 3340 ni wọ́n ń pè láti mọ ibi tó súnmọ́ ni, ìpè náà kò sì gba owó. Àyẹ̀wò HIV náà jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, èsì rẹ̀ sì lè yí gbogbo ohun tí dókítà ń rò nípa ikọ́ kan padà.

Ohun tó sábà máa ń bá aláìsàn jà ni ìtìjú. Kò ní í sọ pé òun kò lówó. Á gba ìwé tẹ́ẹ̀sì, á dúpẹ́, á sì gba ilé lọ. Dókítà á rò pé ó ti lọ sí láàbù. Gbólóhùn kan lè gbà á kúrò nínú ìyẹn: "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ju báyìí lọ. Nínú èyí tí ẹ kọ yìí, èwo ló máa yí oògùn mi padà lónìí, èwo ló lè dúró?" Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í bínú sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á fa ìlà sórí méjì nínú mẹ́rin.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹni tí kò lè mí, òfin wà lẹ́yìn aláìsàn. Abala 20 nínú òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù tí ì báà fà á. Ẹni tó bá rú u lè san 100,000 náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin wà nínú ìwé. Ìwé owó àsansílẹ̀ náà wà lórí káńtà. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá kọ́kọ́ sọ lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń ṣe ìyàtọ̀. "Ó ń wúkọ́" á mú kí wọ́n ní kó gba káàdì kó jókòó. "Kò lè mí dáadáa, ó mí ìgbà 64 ní ìṣẹ́jú kan" á mú kí nọ́ọ̀sì dìde.

Owó ọkọ̀ náà wà nínú owó àìsàn, ẹni tó bá ń gbé agbègbè yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti Ọ̀fàdà, Mowe àti Ibafo, ọ̀nà márosẹ̀ ló lọ sí ọsibítù yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣàgámù. Ẹni tó bá wà ní Ifọ ní Jẹ́nẹ́rà tirẹ̀, ó sì lè gba Abẹ́òkúta lọ sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò bá ń wọ́ lọ sí ìsìn ní Redemption City, ọ̀nà Mowe lè dí fún wákàtí púpọ̀. Ìyẹn ni kíkà èémí ní ìrọ̀lẹ́ fi sàn ju kíkà á ní ọ̀gànjọ́ lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ní aago mẹ́jọ ṣì lè rí ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí kẹ́míìsì Mowe. Ọlọ́jà oògùn kò dáhùn ìbéèrè owó. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, ẹ jókòó." Ó dúró títí tí ọmọ fi dákẹ́, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó ṣí aago fóònù rẹ̀. 56. Ìsàlẹ̀ ìhà kò wọ inú lọ. Ọmọ fa ọmú lójú rẹ̀, kò bì í, ó sì ń tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ fóònù pẹ̀lú ojú rẹ̀. Òtútù àyà ni, àmọ́ kò tíì di ti ọsibítù ńlá. Oògùn ikọ́ tí ìyá náà wá rà kò jáde nínú àpótí. Amoxicillin onítábúlẹ́ẹ̀tì tó ń yòrò nínú omi ló mú jáde, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Ó yo àkọ́kọ́ sínú ṣíbí níbẹ̀, wọ́n fún ọmọ díẹ̀díẹ̀, wọn kò rọ ọ́. Ó sọ àwọn àmì tí ìyá náà kò gbọ́dọ̀ rí kí ó má sáré jáde, ó sì ní kó gbé ọmọ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí wọ́n lè ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà fún un.

Lẹ́yìn náà ló ya ẹ̀gbẹ́ páálí oògùn kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "56, aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́." Ìwé tí ìyá náà mú dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lówùúrọ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ní kó padà wá, nọ́ọ̀sì tún ka ikùn ọmọ náà fún ìṣẹ́jú kan, ó sì fi bírò kọ 38 sí abẹ́ 56.